Ọjọ́ Tí Onímọ̀ Kẹ́mísírì Ròyìn Iṣẹ́ Dókítà Ọmọ Tuntun

Èmi ni mo ṣe òfin yẹn, inú ló sì bí mi tí mo fi ṣe é. Àwa mẹ́rin là ń pàdé ní fàráńdà ilé mi ní Àtàn-Ọ̀tà ní Sátidé tó máa ń gbẹ̀yìn oṣù, lẹ́yìn tí ìmọ́tótó àyíká bá ti parí. Iṣẹ́ ìwádìí sáyẹ́ǹsì ni gbogbo wa ń ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀kan ò jọ ti èkejì. Ẹ̀gẹ́ ni tèmi. Ẹ̀gbọ́n wa, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, omi kànga àti omi abẹ́ ilẹ̀ ni tiwọn. Àbúrò wa ọkùnrin jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísírì, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí a ń jù káàkiri ló ń sọ di bíríkì tí wọ́n fi ń tẹ́ àgbàlá. Ẹnì kẹrin wa, obìnrin, ọmọ bíbí Ọ̀tà, jẹ́ dókítà àwọn ọmọ tuntun.

Nígbà tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, olúkúlùkù ló ń sọ nípa iṣẹ́ ara rẹ̀. Ẹ ò tíì rí wàhálà! Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó bá ń sọ iṣẹ́ ara rẹ̀ kì í mọ ibi tó yẹ kó ti dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa nìkan lè sọ̀rọ̀ omi títí ọ̀fun gbogbo ẹni tó wà níjòókòó á fi gbẹ. Lọ́jọ́ kan, iṣu tí mo sè fún wọn tutù pátápátá, ẹyin dín-dín náà sì le, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ò tíì kúrò lórí àpáta tó wà lábẹ́ ilẹ̀ àdúgbò Alápòtì. Mo gbá tábìlì. Mo ní láti òní lọ, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ iṣẹ́ ara rẹ̀ mọ́ nínú ilé mi. Ẹlòmíràn ni yóò máa bá a sọ ọ́, ní Yorùbá tó máa yé aládùúgbò mi tó ń ránṣọ, ẹni tó ni iṣẹ́ yóò sì panu mọ́ títí wọ́n á fi sọ ọ́ tán.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé eré ni. Ṣùgbọ́n òfin yẹn tún wa ṣe. O ò lè ròyìn iṣẹ́ ẹni tí o ò bá lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ rí. Bí èmi náà ṣe di ẹni tó ń tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n kiri Alápòtì nìyẹn, tí mò ń di okùn mú bí wọ́n ṣe ń ju ìgò sí kànga onílé láti bu omi tí wọ́n máa yẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àwọn onílé tó fẹ́ gbẹ́ kànga ń ránṣẹ́ pè wọ́n kí wọ́n wá tọ́ka ibi tí kò ní í sún mọ́ ṣáláńgá. Ẹ wo ọkùnrin tí mo ń pè ní aláròyé! Àìmọye ọmọ ló wà ládùúgbò yẹn tí ìgbẹ́ gbuuru ò ṣe, tí wọn ò sì ní í mọ̀ láé pé ẹnì kan ló fẹsẹ̀ rìn yí ilé wọn ká.

Ìgbà tó kan ẹ̀gbọ́n láti ròyìn iṣẹ́ tèmi, wọ́n dìde, wọ́n ní, "Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé àgbẹ̀ lè wú ẹ̀gẹ́ tán nínú oko kí mọ́tò má wá kó o lásìkò, kó sì jẹrà mọ́lẹ̀. Obìnrin yìí ló wá ẹ̀gẹ́ tó lè ní sùúrù de olóko." Mo ti kọ̀wé lórí ẹ̀gẹ́ yẹn fún ọdún pípẹ́. N kò tíì sọ ọ́ lọ́nà tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Omi lé ròrò sí mi lójú, mo sì ní ata ló ta sí i.

Ní Sátidé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, àbúrò wa onímọ̀ kẹ́mísírì ló kọ́kọ́ dé. Inú rẹ̀ ń dùn, ó gbé ẹran díndín àti dàbínù dání. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti wojú Ọlọ́run fún ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ọlọ́run sì fún wọn ní obìnrin. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni a sọ ọmọ náà lórúkọ nílé wọn ní Joju, tí a fi àgbò ṣe àkíkà fún un. Ìyá àbúrò wa ti wá láti Ọ̀ṣun, òun ló ń wẹ ọmọ, òun ló ń gbé e pọ̀n, kò jẹ́ kí ìyàwó fọwọ́ kan omi tútù.

Mo béèrè àlàáfíà ọmọ.

Ó ní, "Àǹtí, ọmọ yìí mà mọ̀wà hù o! Kì í sunkún rárá. Oorun ló ń sùn ṣáá. Àwa gan-an la máa ń jí i kó tó mu ọmú."

Èmi tí mo bímọ mẹ́rin, kí ni mo sọ? Mo ní kó dúpẹ́, pé ó hàn pé ìyá rẹ̀ ló fìwà jọ, kò jọ bàbá rẹ̀ aláriwo. Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n ti dé nígbà náà, rẹ́rìn-ín. A tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ẹran wa.

Dókítà kò tíì dé nígbà yẹn. Nígbà tó dé, mo rí i pé ara rẹ̀ ti wó. Kò tiẹ̀ wo oúnjẹ. Ó ní wọ́n gbé ọmọ tuntun kan wá sí wọ́ọ̀dù òun ní àárọ̀ yẹn, gbogbo ara rẹ̀ ti di yẹ́lò, ibà pọ́njú náà sì ti dé ọpọlọ kí wọ́n tó gbé e wá.

Ó ní, "Ó máa yè. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé ó máa gbọ́ràn, mi ò sì mọ̀ bóyá ó máa rìn. Wọ́n ní ó kàn ń sùn ni, àwọn ò fẹ́ dà á láàmú. Ẹ̀gbọ́n, ó ti sú mi. Mo ti pariwo títí, ẹnu mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó."

Ẹ̀gbọ́n ní kó jókòó kó gbọ́ iṣẹ́ ara rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn, bóyá ara á tù ú. Onímọ̀ kẹ́mísírì ló kàn láti ròyìn iṣẹ́ dókítà. Ó ti tẹ̀ lé e lọ sí wọ́ọ̀dù, ó ti bá a dé àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ní Sángò àti àwọn ibi tó ti ń bá àwọn aláboyún sọ̀rọ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún òróró ẹran, ó dìde.

Ó mọ̀ ọ́n sọ. Kò bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ kẹ́míkà, ó bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn èèyàn. Ó ní kí a ro ti ilé kan tí wọ́n ti ń retí ọmọ tipẹ́. Wọ́n ti ń ra aṣọ ọmọ sílẹ̀, fìlà kékeré, ìbọ̀sẹ̀, súẹ́tà olówùú. Kí aáyán má baà jẹ aṣọ náà, wọ́n kó káfúrà sí i, àwọn hóró funfun tó ń ta sánsán yẹn, wọ́n sì ti àpótí pa. Ọmọ dé, wọ́n ṣí àpótí, wọ́n wọṣọ fún un. Kò sóhun tó burú nínú gbogbo ìyẹn. Ìfẹ́ ló fà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ó ní, "Ṣùgbọ́n òórùn káfúrà ń gba awọ ara àti ihò imú wọ inú ọmọ lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ní í ṣe ní nǹkan kan. Àwọn kan wà tí ohun tó yẹ kó máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn ò pé lára wọn. Kì í ṣe àìsàn, bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn, wọ́n pọ̀ láàárín wa, ọ̀pọ̀ ló máa dàgbà darúgbó láì mọ̀. Bí káfúrà bá kan ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ṣe lẹ̀jẹ̀ á máa fọ́. Ohun tó ń tú jáde nínú ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ ló ń sọ ara di yẹ́lò. Ẹ̀dọ̀ ọmọ kò tíì lágbára láti palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Tí a bá fi falẹ̀, á gun ọpọlọ."

Ó wá sọ ohun tí dókítà wa ṣe. Ó ní kí ó tó dé, wọ́n ń tọ́jú ibà pọ́njú lágbègbè yìí, ṣùgbọ́n wọ́n á tọ́jú ọmọ tán, wọ́n á dá a padà sínú aṣọ tó ṣe é léṣe. Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá pé kí ló wà nínú àpótí aṣọ. Ó béèrè, ó tún béèrè, ó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, títí ọ̀rọ̀ náà fi fojú hàn. Lónìí, bí wọ́n bá gbé ọmọ tójú rẹ̀ pọ́n dé ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn nítòsí wa, ìbéèrè yẹn ni nọ́ọ̀sì á kọ́kọ́ bi wọ́n. Mo wo dókítà. Ó tẹrí ba, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń wọ̀ ọ́ lára. Orí mi wú nítorí òun àti nítorí ẹni tó ń sọ ọ́.

Àbúrò wa ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Báwo lẹ ṣe máa tètè mọ̀? Ẹ má retí igbe. Ọmọ náà á kọ́kọ́ dákẹ́. Àwọn ará ilé á máa yọ̀ pé ó mọ̀wà hù. Á máa sùn ṣáá. Wọ́n á máa jí i kó tó..."

Ó dúró.

Dókítà rò pé ó gbàgbé ni. Nítorí pé òfin mi ò fún un láyè láti lanu, ó fọwọ́ ṣe àmì sí i pé kó máa bọ̀. Àbúrò wa ò rí i. Èmi náà ti rántí ohun tó sọ fún wa lórí ẹran.

Ó ní, "Màámi gbé àpótí kan wá láti ilé."

Kò sófin mọ́. Dókítà ti dìde. Ó béèrè bóyá ọmọ ń mu ọmú dáadáa, àbúrò wa ní wọ́n ń jí i ni. Ó béèrè bí ojú rẹ̀ ṣe rí, ó ní òun ò mọ̀, ojú rẹ̀ máa ń wà ní pípadé. Dókítà mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ lórí tábìlì, a sì tẹ̀ lé e, èmi pẹ̀lú sálúbàtà inú ilé lẹ́sẹ̀.

Ẹ lè máa bi ara yín pé báwo ni onímọ̀ kẹ́mísírì kò ṣe mọ káfúrà nínú yàrá ara rẹ̀. Èmi náà bi ara mi lójú ọ̀nà. Mo ti lọ síbi ìsọmọlórúkọ yẹn, mo gbé ọmọ náà, n kò sì gbọ́ òórùn kankan, torí pé tùràrí àti èéfín ẹran gba gbogbo ilé. Dókítà ìbá ti mọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò jẹ́ kó wá. Ní ti àbúrò wa, àpótí yẹn kì í ṣe àpótí káfúrà lójú rẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí ìyàwó rẹ̀ kò fi lóyún, tí àwọn kan ń gbà á nímọ̀ràn ìkọ̀kọ̀ pé kó fẹ́ òmíràn, ìyá rẹ̀ ń ra aṣọ ọmọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú àpótí yẹn, ó sì ń sọ fún ìyàwó pé ẹni tó máa wọ̀ ọ́ ń bọ̀. Ta ló máa wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ojú sáyẹ́ǹsì?

Láti Àtàn dé Ọ̀tà, láti Ọ̀tà bọ́ sí Sángò, ètè àbúrò wa ń mì. Mo mọ̀ pé àdúrà ló ń gbà. Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni di ọwọ́ ọmọ mú.

Ní Joju, ẹnu ọ̀nà ni òórùn náà ti pàdé wa. Ìyá àgbà wà lórí ẹní, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nínú súẹ́tà funfun, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀. Inú rẹ̀ dùn láti rí wa, ó ní ṣé a ti jẹun. Dókítà kúnlẹ̀, ó kí i dáadáa, lẹ́yìn náà ló tó sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé ọmọ wò. Ó gbé e lọ síbi fèrèsé. Ó fi ìka tẹ iwájú orí rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó gbé ìka náà kúrò. Ibi tó tẹ̀ yẹ́lò. Ó la ojú ọmọ náà, ó yẹ́lò. Ó bọ́ gbogbo aṣọ ọrùn rẹ̀ kíá, ó ní kí n bá òun mú ìró kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká lórí okùn, ó fi wé e, a sì jáde, tòun ti ìyá ọmọ tó ń sunkún láì tíì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìyá àgbà sì tẹ̀ lé wa.

Mo ti ń gbọ́ nípa iṣẹ́ obìnrin yìí tipẹ́. Ọjọ́ yẹn ni mo fojú ara mi rí i tó ń ṣe é nígbà tó le. Wọ́n tẹ́ ọmọ náà sábẹ́ iná búlúù tó ń lé yẹ́lò kúrò lára, wọ́n dí i lójú. Nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé iná nìkan ò tó, dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ń fa díẹ̀ jáde, ó ń fi díẹ̀ wọlé, díẹ̀díẹ̀, láì sinmi. Mo ń wò ó láti ojú gíláàsì. Obìnrin kan náà tó ní iṣẹ́ ti sú òun ní fàráńdà mi! Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ọmọ náà lọgun. Ó ké tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì méjì fi bú sẹ́rìn-ín, bàbá rẹ̀ sì sáré wọlé wá wò ó. Wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, ó ń gbọ́. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ bàbá náà wò pẹ̀lú. Ohun tó ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ kò pé lára òun náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ ti mú un.

Ó wá ku ìyá àgbà. Ó ti ń béèrè látìgbà tí a ti dé ilé ìwòsàn pé kí ló ṣe ọmọ òun, àwa tí a máa ń jókòó máa ṣàlàyé ayé fún ara wa sì ń wò ó lójú, tí à ń parọ́. Ọmọ rẹ̀ sọ fún un pé ibà díẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n ní kí a má sọ fún un láé, pé obìnrin tó fọwọ́ ara rẹ̀ ra aṣọ yẹn, bó bá gbọ́, ẹ̀bi á pa á. Mo gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Dókítà nìkan ló kọ̀.

Ó ní, "Bí mi ò bá lè sọ fún un, kí ni mò ń bá àwọn aláboyún sọ? Ilé yẹn ṣì máa bímọ."

Ó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì ìta wọ́ọ̀dù. Èmi àti ọmọ rẹ̀ dúró nítòsí. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, aṣọ, káfúrà, ẹ̀jẹ̀ tó ń fọ́, ojú tó ń pọ́n, oorun àsùnjù. Ó ní, "Màmá, ẹ ò ṣe ohun tí ẹnì kan ò ṣe rí. Ìkẹ́ lẹ kẹ́ ọmọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún yín ni."

Mo ń múra sílẹ̀ láti gbá ìyá àgbà mú bó bá ṣubú. Ó ní, "Dókítà, ṣé ọmọ ọkùnrin lè ní in pẹ̀lú?"

Dókítà ní ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe. Ó ní bàbá ọmọ gan-an ní i, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ ti mú un.

Ìyá àgbà nawọ́ sí ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Mo bí méjì ṣáájú ẹni yìí." Mo wo àbúrò wa. Ó yà á lẹ́nu, nítorí àkọ́bí ló ti ń pe ara rẹ̀ látilẹ̀. "Ọkùnrin ni wọ́n, wọ́n rẹwà. Mo ti ra aṣọ wọn sílẹ̀, mo kó káfúrà sí i bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Àkọ́kọ́ dákẹ́, ó ń sùn, ojú rẹ̀ pọ́n, ó lọ. Èkejì wọ aṣọ yẹn náà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe, ó lọ. Nígbà tí mo lóyún ẹ̀kẹta, àwọn ará ilé ní àbíkú ni wọ́n, kí n má ra ohunkóhun sílẹ̀, kí n má jẹ́ kó mọ̀ pé mo fẹ́ ẹ. Àkísà ìró mi ni mo fi wé e. Ó yè. Mo gbà wọ́n gbọ́."

Ó yíjú sí dókítà. "Ẹ sọ òótọ́ fún mi."

Dókítà ní, "Màmá, mi ò sí níbẹ̀, mi ò yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Mi ò lè búra. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe sọ ọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ gan-an ló máa ń rí."

Mo ti ń ronú ohun tí mo máa fi tù ú nínú, pé kó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Kò dé ibẹ̀ rárá. Ó dì mọ́ ọwọ́ dókítà.

Ó ní, "Àwọn èèyàn sọ fún mi pé àwọn ọmọ náà mọ̀ọ́mọ̀ lọ ni. Wọ́n ní wọn ò fẹ́ mi ní ìyá, kí n má sunkún wọn, pé ẹ̀sín ni wọ́n ń fi mí ṣe. Mi ò sunkún wọn. Mo ṣépè fún èkejì." Ó fa ọwọ́ dókítà mọ́ra. "Á jẹ́ pé wọn ò kọ̀ mí nígbà náà."

Dókítà ní, "Wọn ò kọ̀ yín, Màmá."

Nígbà náà ló pe orúkọ àwọn méjèèjì, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, lórí bẹ́ǹṣì yẹn, lójú ọmọ rẹ̀ tí kò gbọ́ orúkọ náà rí. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún wọn.